Iye Àfilélẹ̀: Nọ́ńbà Tí Kò Lórúkọ ní Ọjà Ládìpọ̀

 

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ ìmọ̀ èdè, ló gbé ìbéèrè kan wá bá mi. Wọ́n ní, kí ni a lè máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní constant ní èdè Yorùbá? Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, èmi náà sì fẹ́ kọ́kọ́ mọ ilé tí ọmọ yìí ti wá. Nígbà tí mo wá a títí, ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣin ní ìlú Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bí a bá ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, a máa ń fún àwọn iye tí ètò náà yóò lò ní orúkọ. Àwọn iye kan wà tí yóò máa yí padà bí iṣẹ́ ti ń lọ, bí àpẹẹrẹ, iye plọ́ọ̀gì tó ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí àròpọ̀ owó tí oníbàárà yóò san. Ẹ jẹ́ kí a pe irú èyí ní iye ayípadà. Àwọn mìíràn sì wà tí ètò náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ títí dé òpin. A óò kéde irú iye bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ojú kan, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìkéde yìí, orúkọ náà ni a óò máa pè ní gbogbo ibi tí a bá ti nílò iye náà. A kò tún ní kọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ìkéde lẹ́ẹ̀kan, ìlò nígbà gbogbo.

Ẹni tó bá ti wọ ọjà Ládìpọ̀ rí yóò mọ̀ pé orúkọ ni òwò ibẹ̀ dúró lé. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra iná iwájú Toyota Camry, ohun tí wọn yóò bi yín ni pé, "Ṣé Big Daddy ni, àbí Muscle? Àbí Pencil Light?" Bí ó bá jẹ́ Honda Accord ni, wọn yóò bèèrè bóyá End of Discussion ni tàbí Evil Spirit. Ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kọ́ ló sọ wọ́n ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwa ará Nàìjíríà ló wo ìrísí wọn tí a sì fún wọn ní ìnagijẹ. Ìnagijẹ kọ̀ọ̀kan dúró fún àwọn ọdún kan pàtó tí wọ́n fi ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń ta ọjà bá pe Muscle, ohun kan náà ló ń wá sọ́kàn ẹni tó ń rà á, mẹkáníìkì tó tẹ̀ lé e wá, àti ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n rán lọ síbi tí wọ́n kó ẹrù sí. Kò sí ẹni tí yóò máa ka ọdún àti nọ́ńbà láti ẹnu dé ẹnu, kí ọ̀kan má baà já bọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn nọ́ńbà kan tún wà ní ọjà náà tí àwùjọ àgbáyé ti fi ẹnu kò lé lórí. Bí ohun tí ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ ohun ẹlẹgẹ́, irú bíi kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, olùtajà lè ní kí ẹ ka nọ́ńbà ṣaṣí ọkọ̀ yín fún òun. Àmì 17 ló máa ń wà nínú nọ́ńbà yìí, lẹ́tà àti òǹkà ní àpapọ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, ti sọ àmì 17 yìí di dandan. Wọ́n sì yọ lẹ́tà I, O àti Q kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Bí ẹnì kan bá ń kọ ètò fún ṣọ́ọ̀bù kan ní Ládìpọ̀, 17 yìí jẹ́ iye tí kò yẹ kí ètò rẹ̀ máa dà rú.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ owó, níbi tí ojú ọ̀rọ̀ gan-an wà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ládìpọ̀ tó ń ta ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún owó orí ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́n dáadáa ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ọjà, tí wọ́n sì fi ń tẹ ríséètì. Ètò náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí ó ti ní láti ṣírò owó orí, 0.05 ni ọmọkùnrin náà kọ síbẹ̀ ní ìhòòhò, láìfún un ní orúkọ kankan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 0.05? Òfin 102 ti ọdún 1993 ni ìjọba ológun fi dá owó orí yìí sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù Kìíní ọdún 1994. Náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá rí i pé iye kan dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè rò pé bí oòrùn ti ń yọ ní ìlà oòrùn ló rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ìjọba gbé e sókè sí mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ lódì ní oṣù Kẹfà, ìjọba tuntun sì dá a padà sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìṣúná ti ọdún 2019 ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún náà, owó orí ọjà di náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 19 péré ni ọlọ́jà ní láti fi tún ilé rẹ̀ tò.

Ọmọkùnrin tó kọ ètò náà ti rékọjá sí òkè òkun nígbà yẹn. Wọ́n pe ẹlòmíràn. Ẹni yìí náà kò ya ọ̀lẹ. Ó ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí 0.05 bá wà, kí ó sì fi 0.075 rọ́pò rẹ̀. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹta, àna mi ké sí mi. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Owó orí ni mo ní kí wọ́n yí. Ta ló wá yí ẹ̀dínwó àwọn oníbàárà mi?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àna mi máa ń fún àwọn mẹkáníìkì tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Nínú ètò náà, ẹ̀dínwó yìí pẹ̀lú jẹ́ 0.05. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń wá 0.05 kiri, kò lè mọ èyí tó jẹ́ owó orí yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ẹ̀dínwó, nítorí náà ó yí méjèèjì. Mẹkáníìkì tó ra gíábọ́ọ̀sì ₦80,000, tí ó yẹ kí wọ́n dín ₦4,000 kù fún, wá ń rí ₦6,000. Bí wọ́n bá ta ogójì irú rẹ̀, ₦80,000 ló ti lọ, bí ẹni pé wọ́n gbé gíábọ́ọ̀sì kan fún ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí oníbàárà kan tó fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tó jèrè kì í pariwo. Èyí tó burú jù ni pé, níbi tí ètò náà ti ń ṣe ìwé ìṣirò oṣooṣù, 5/100 ni ọmọkùnrin àkọ́kọ́ kọ dípò 0.05. Kọ̀ǹpútà kò rí ìyẹn rárá. Ríséètì ń gba méje àbọ̀, ìwé ìṣirò sì ń sọ pé márùn-ún ni àwọn gbà. Bí kò bá jẹ́ pé àna mi fi ojú ara rẹ̀ yẹ ìwé náà wò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìjọba ì bá wá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò sì gbà pé kò jí i?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ǹjẹ́ ìtàn yìí kò jọ ohun tí a mọ̀? Ẹ kọ o, k, o sórí pátákó láìsí àmì kankan, kí ẹ ní kí kíláàsì kà á. Ẹnì kan yóò ka oko tí àgbẹ̀ ń dá, ẹlòmíràn yóò ka ọkọ tí ìyàwó ń fẹ́. Ẹnì kan yóò ka ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ará Ládìpọ̀ yóò ka ọkọ̀, ọmọdé aláìgbọràn yóò sì ka òkò tí a ń sọ mọ́ máńgòrò. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Nọ́ńbà tí a kò fún ní orúkọ dà bí ọ̀rọ̀ tí a kò fún ní àmì ohùn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn ní ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìwòsàn àìsàn yìí kò le. Ìlà méjì péré ló gbà, ní òkè pátápátá ètò náà:

const OWÓ_ORÍ_ỌJÀ = 0.075;
const Ẹ̀DÍNWÓ_ONÍBÀÁRÀ = 0.05;

Láti ìgbà náà lọ, ibi tí a bá ti ń ṣírò owó orí, OWÓ_ORÍ_ỌJÀ ni a óò kọ. Ibi tí a bá ti ń dín owó kù, Ẹ̀DÍNWÓ_ONÍBÀÁRÀ ni. Bí ìjọba bá yí ọ̀kan padà lọ́la, ìlà kan ni a óò tún kọ, ìkejì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí iye méjèèjì bá tilẹ̀ tún bọ́ sí ẹyọ kan, a kò ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé a ti parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé oníbàárà kan ra ẹ́ńjìnnì ní oṣù Kìíní ọdún 2020, tí ó sì dá a padà ní oṣù Kejì. Èwo nínú owó orí méjèèjì ni a óò dá padà fún un? Márùn-ún ló san, márùn-ún ni yóò gbà. Nítorí náà, ètò tó pé gbọ́dọ̀ pa iye àná mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí ó sì wo ọjọ́ tí a ta ọjà kí ó tó ṣírò. Ohun tí a fi lélẹ̀ lánàá ṣì jẹ́ òtítọ́ nípa àná.

Ọ̀nà tí àwọn èdè kọ̀ǹpútà ń gbà ṣọ́ irú iye yìí kò rí bákan náà, ó sì dùn mọ́ mi nínú gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè. Nínú Pascal, tí Niklaus Wirth gbé jáde ní ọdún 1970, apá tí a ti ń kéde const máa ń ṣáájú apá tí a ti ń kéde iye ayípadà, gẹ́gẹ́ bí àgbà ti ń ṣáájú ọmọdé wọ ilé. Java ń lo ọ̀rọ̀ final. JavaScript kò ní const nínú ìlànà rẹ̀ títí di ọdún 2015. Lónìí, bí ẹ bá kéde const láìfún un ní iye lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní gbà fún yín. Bí ẹ bá sì fún un ní iye tán, tí ẹ tún fẹ́ fún un ní òmíràn, yóò dá iṣẹ́ dúró. Python ní tirẹ̀ kò fi ọlọ́pàá sí i rárá. Àdéhùn láàárín àwọn tó ń kọ ọ́ ni pé, bí ẹ bá rí orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ látòkè délẹ̀, ẹ má ṣe yí i. Ẹ lè yí i bí ẹ bá fẹ́, ẹ̀rọ kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn baba wa mọ irú àṣẹ yìí dáadáa. Èèwọ̀ ni wọ́n ń pè é, kò sì ní ẹ̀ṣọ́ mìíràn ju ìtìjú lọ.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan nípa const ti JavaScript tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Bí ẹ bá fi const kéde àkójọ ọjà, orúkọ náà kò ní lè lọ jókòó sórí àkójọ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọjà kún inú àkójọ náà, ẹ sì lè yọ kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní Ládìpọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà náà má yí padà fún ogún ọdún, síbẹ̀ ẹrù tí a kó síbẹ̀ láàárọ̀ lè ti tán lálẹ́.

Àwọn kan yóò ní, kí ló dé tí mo fi fi àmì sórí OWÓ_ORÍ_ỌJÀ, ṣé kí n má kàn kọ OWO ni? Èwo nínú wọn? Owó ni, àbí ọwọ́, àbí òwò, àbí ọ̀wọ̀, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Bí a bá torí kí nǹkan yé ni ká tó fún un ní orúkọ, ẹ jẹ́ kí orúkọ náà yé. JavaScript àti Python ti òde òní gba lẹ́tà wa. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ẹ jẹ́ U+1EB9, ṣ sì jẹ́ U+1E63. Wọ́n ti ṣèlérí pé nọ́ńbà tí wọ́n bá ti fún lẹ́tà kan kò ní yí padà mọ́. Ṣùgbọ́n a lè kọ í ní ọ̀nà méjì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, U+00ED, tàbí i lásán tí àmì U+0301 tẹ̀ lé. Ojú wa kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Python máa ń so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan kí ó tó ka orúkọ. JavaScript kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jọ ń kọ ètò kan, tí pátákó ìtẹ̀wé wọn yàtọ̀ síra. Ọ̀kan kéde OWÓ_ORÍ, ìkejì lò ó, ẹ̀rọ sì ní òun kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ yín fi ọ̀rọ̀ wọn sí ìlànà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó wá ku orúkọ tí wọ́n bi mí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni àìyípadà, ó sì tọ́ ní ti gírámà. Ṣùgbọ́n àdúrà ni mo ti máa ń gbọ́ ọ: Ọba Aláìyípadà. Ìlérí tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ti tóbi jù fún owó orí tí ìjọba lè yí láàárín ọjọ́ 19. Ẹ wo ṣílè. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àwọn ìyá wa kò ju orúkọ náà nù. Wọ́n ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, ọjà sì ń lọ. Orúkọ dúró, iye ni wọ́n tún fi lélẹ̀.

Nítorí náà, iye àfilélẹ̀ ni èmi yóò pè é, láti inú fi lélẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi òfin lélẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ òfin kò láṣẹ láti yí i bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹni tó ní àṣẹ lè jókòó, kí ó ronú, kí ó sì tún un fi lélẹ̀ ní ojú kan tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ọ̀rọ̀ yìí gba π mọ́ra, ó gba àmì 17 mọ́ra, ó sì gba owó orí ọjà mọ́ra. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 fi owó orí ọjà sílẹ̀ ní méje àbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbá tó kọ́kọ́ dé iwájú àwọn aṣòfin fẹ́ kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ètò àna mi kò nílò àtúnṣe lọ́tẹ̀ yìí. Bí ó bá tilẹ̀ nílò rẹ̀, a mọ ìlà tí a óò lọ bá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju èyí lọ, ẹ mú un wá, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di ìgbà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà kankan rin ìhòòhò nínú ètò yín.